Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Fojú Ara Wọn Rí I

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Olóòǹtẹ̀ fi bírò pupa fa ìlà gba inú ìwé mi. Yàrá méje ni mo kọ sílẹ̀ tí mo fẹ́ kó àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà lọ wò nílé ìwòsàn wa. Ó pa márùn-ún rẹ́. Ó wá ku yàrá dókítà àti yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ó tún un lù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Olóòǹtẹ̀ — inú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ mi yìí nìkan o. Níta, Ọ̀gá Àgbà ni, dókítà tó ń pàṣẹ fún gbogbo wa.

Ó ní, "Màmá, a fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí di dókítà ni. Kí la fẹ́ mú wọn dé ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ ṣe?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo ká ìwé náà, mo fi sápò. Kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe.

Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ku mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì. Èmi ni mò ń ṣe àbójútó wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Mo ti rí dókítà tó mọṣẹ́, mo ti rí èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì rí èyí tó dá nìkan wo èèyàn sàn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n dé. Àwọn mẹ́jọ. Bàtà wọn ń dán bíi dígí, ojú wọn le bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò.

Mo bi wọ́n, kí lẹ fẹ́ dà? Dókítà. Dókítà. Dókítà. Títí dé orí ẹni kẹjọ, bí ẹni ń ka ìsọdipúpọ̀ ní kíláàsì. Mo ní kí ló dé? Ọmọkùnrin kan tó ga bí òpó iná (Òpó ni màá máa pè é) ní ìyá òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Òmíràn ní nítorí ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn ni. Ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, Ìbéèrè, ní, "Mà, kí lèèyàn tún lè dà níbí?" Mo ní ohun tá a wá wò gan-an nìyẹn.

Ọmọbìnrin mìíràn wà lẹ́yìn tí kò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn "dókítà" yẹn. Ó ń wo ọwọ́ èèyàn, kì í wo ojú. Mo sọ ọ́ ní Dákẹ́.

Láàbù la kọ́kọ́ yà. Bẹ́ẹ̀ ni — ìlà pupa wà lórí láàbù. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kí wọ́n wá yọjú wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Dókítà tó rán ẹ̀jẹ̀ yìí wá ò tíì mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó ni ín. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń dúró dè mí." Inú rẹ̀ dùn púpọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ìbéèrè kọ̀, kò fẹ́ kúrò nídìí awò náà. Ọwọ́ ni mo fi fà á jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, a lọ sí yàrá tí mo ti ń wẹ ojú ọgbẹ́. Òpó ṣubú lulẹ̀ gbì. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló rí o, òórùn ni kò lè gbà. Nígbà tó lajú ó ní, "Ó ti tán fún mi nìyẹn, mà." Mo sọ fún un pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bì, àti pé inú bàtà ọ̀gá wa ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta bọ́ sí. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọ̀ padà sí ètè rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo ń kọrin bí mo ṣe ń kọ èyí. Ayọ̀ ni.

Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dé bí kò bá níṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún àwọn tí a gé ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ kọ́ lára ògiri: ti ọmọdé, ti àgbà, òmíràn kò tíì ní àtẹ́lẹsẹ̀. Eruku funfun lórí ohun gbogbo, títí dé irùngbọ̀n rẹ̀.

Awakọ̀ tírélà kan ló wá wọ tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́ọ̀dù mi ló wà nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò bá a sọ gbólóhùn kan. Lónìí, ó di igi méjì tí wọ́n fi ń kọ́ ìrìn mú lápá ọ̀tún àti lósì, ó dìde. Ó gbé ìgbésẹ̀ kan, ó sì gbin. Ó ní ẹ bọ́ ọ, ẹ bọ́ ọ, òun ò ṣe mọ́.

Gbogbo wa dúró bí ère. Dákẹ́ ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ibo ló ń dùn yín gan-an? Ẹ fi ìka kan hàn mí." Ó fi hàn án. Dákẹ́ wo kùkùté ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń kàwé. "Níbí ló ti pọ́n. Egungun ló ń gbá a níbí." Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ wò ó fìrí, ó na ṣọ́ọ̀kì sí i. Ọmọ náà sàmì sí inú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà níbi tó bá a mu. Bàbá fi sáńdípépà ha ibẹ̀, wọ́n tún un wọ̀. Òpó, Òpó tó dákú lọ́sẹ̀ tó kọjá, di ìgúnpá awakọ̀ náà mú, kò sì mì.

Ìgbésẹ̀ méje. Mo kà á.

Awakọ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú àwọn ọmọ náà pé kí ni wọ́n ń wo òun sí. Nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwé fẹ́ gbéra, ẹnì kan dín. Wọ́n bá Dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ha ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun báláú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Olóòǹtẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Kò ní kí n jókòó.

Ọmọ rẹ̀ ni Dákẹ́.

Mi ò mọ̀. Mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi búra, mi ò mọ̀. Orúkọ ilé ìyá rẹ̀ ni tíṣà kọ sínú ìwé tí wọ́n kó fún mi, torí ọmọ náà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ ti bàbá òun. Ó délé lọ́jọ́rú pẹ̀lú eruku lára, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ pé òun ti rí iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe.

"Ẹ ti sọ ọmọ mi di káfíńtà, Màmá. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní láti kíláàsì àkọ́kọ́. Mo pa ibẹ̀ rẹ́. Mo fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́, ẹ ṣì kó wọn lọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo kó wọn lọ.

Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn gan-an ló burú. "Ọmọ tí ẹ̀yin fúnra yín tì wọ ilé ẹ̀kọ́ dókítà, Màmá, níbo ló wà báyìí?"

Mi ò dáhùn.

Ó fún mi ní ìwé. Kí n kọ àlàyé ara mi wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ wọ géètì wa mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má baà máa purọ́ fún ìwé ara mi.

Àkọ́bí mi fẹ́ràn kó máa wọn ilẹ̀. Láti kékeré ló ti ń fi okùn wọn àgbàlá wa, tó ń yà á sórí bébà, gbogbo igun rẹ̀ pé. Nígbà tí fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ gíga dé, èmi ni mo fi bírò mi kọ "ìṣègùn" síbẹ̀. Ó jókòó tì mí. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó lo ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan ó gbé báàgì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màámi, mo ti ṣe tiyín tó." Ó ti pé ọdún méje. Fóònù bàbá rẹ̀ ló máa ń pè.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Kì í ṣe kí wọ́n lè di dókítà. Kí ọmọ ẹlòmíràn lè rí nǹkan kí bírò ìyá rẹ̀ tó dé bá a.

Olóòǹtẹ̀ mọ ibi tó ń ta mí, ó sì fi ìka gún un. Ó rò pé màá torí ìyẹn kúnlẹ̀. Irọ́ ló ń pa. Ibẹ̀ gan-an ni mo dúró sí tí mo fi ń bá a jà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àlàyé mi, gbogbo rẹ̀ rèé: "Ẹ ní kí n má kó wọn lọ, mo sì kó wọn lọ. Bí ẹ bá tún fún mi láyè lọ́la, màá tún kó wọn lọ."

Bàálé mi kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní, "Ìyá wọn, tún un kọ. Fi 'ẹ forí jì mí' kan ṣoṣo sí i. Ọdún mẹ́rin péré ló kù." Mo ní tí mo bá fi í sí i, wọ́n á máa mú un jáde lọ́dọọdún bíi fọ́tò. Ó ní agídí mi yìí máa lé mi jáde níbi iṣẹ́. Mo ní kó lé mi nígbà náà. Ó bínú jáde síta. Mo bínú dúró sílé.

Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ láìyí ohunkóhun padà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ìhà ń dùn mí.

Àwọn ọmọ dé géètì. Ẹ̀ṣọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ojú rẹ̀ kò dáa. Ó wá bá mi ní wọ́ọ̀dù. "Mà, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí wọ́n wọlé." Mo ní mo gbọ́. Kò lọ. Ó họ orí, ó ní, "Wọn ò sì ní kí n má jẹ́ kí ẹ̀yin jáde o."

Àsìkò ìsinmi mi ni. Mo sọdá títì. Ibùdókọ̀ kan wà lódìkejì, ó ní òrùlé, ó ní bẹ́ǹṣì gígùn méjì. Ibẹ̀ la fi ṣe kíláàsì. Ọ̀rẹ́ mi láti láàbù tẹ̀lé mi. Awakọ̀ áńbúláǹsì dé, ó ní kí Òpó sùn sórí bẹ́ǹṣì, ó fi bí wọ́n ṣe ń di orí ẹni tí ọkọ̀ gbá mú kí ọrùn má baà yẹ̀ hàn wọ́n. Ẹni tó ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn wá. Ó ní bí òun bá fi fáìlì ẹnì kan sípò ẹlòmíràn, èèyàn lè ti ibẹ̀ kú. Ìbéèrè kọ ìyẹn sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ dá sí ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ìyá arúgbó kan dé, ó kọ̀, kò wọ̀ ọ́. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ìparí.

Dákẹ́ ò wá.

Mo gbójú sókè, mo rí Olóòǹtẹ̀ lójú fèrèsé rẹ̀. Mo juwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Dákẹ́ yọ sí mi ní wọ́ọ̀dù lẹ́yìn ilé ìwé. Ọmọ òṣìṣẹ́ ni, ẹ̀ṣọ́ ò lè dá a dúró. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé bí kò bá kọ "ìṣègùn" sínú fọ́ọ̀mù, kó má retí pé òun á fọwọ́ sí i.

Ó rò pé màá kàn gbárùkù tì í ni. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi í, "Ṣé iṣẹ́ yìí lo fẹ́, àbí o kàn fẹ́ fi han bàbá rẹ pé o lè kọ̀?" Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Mi ò mọ̀, mà." Mo ní lọ bi ara rẹ. Mo ní bó bá jẹ́ pé tìtorí bàbá rẹ nìkan ni, á sú ọ kí ọdún kan tó pé.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Awakọ̀ yẹn… lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò rántí bàbá mi rárá. Ibi tó pọ́n yẹn ni mò ń rò."

Mo ní ó dáa. Mo ní o ti dáhùn nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo kọ lẹ́tà sí àkọ́bí mi. Ojú ewé kan. Mi ò ní kó wá sílé. Mo ní mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì sọ ohun tí mo ṣe gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Obìnrin kan dé wọ́ọ̀dù mi, ó rọra ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ gbọ́. Ìyá Dákẹ́ ni. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù yẹn hàn mí."

Ọlọ́run ṣe é, awakọ̀ tírélà wà níbẹ̀. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń lò báyìí. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀ níwájú ìyá náà, ó ń yangàn bí ọkọ ìyàwó. Ìyá Dákẹ́ bi Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ bóyá obìnrin máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bàbá ní ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni, wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, òun nìkan ló sì ń ṣe é fún gbogbo agbègbè yìí. Orúnkún òun ti ń yẹ̀, kò sì sẹ́ni tí òun máa fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. "Mà, ọkùnrin mélòó lẹ rí tó ń tò síta?"

Ó dúró pẹ́ níwájú àwọn ẹsẹ̀ ọmọdé tó wà lára ògiri. Ó ní ọ̀túnla ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù mọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n pè mí síwájú ìgbìmọ̀. Àwọn mẹ́ta nídìí tábìlì, Olóòǹtẹ̀ láàárín. Wọ́n ti tẹ ìwé ìtọrọ àforíjì sílẹ̀ dè mí; ó ku kí n fọwọ́ sí i. Bírò wà lórí rẹ̀, wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀ pàápàá.

Mo ní òótọ́ ni pé mo rú òfin. Mo ní ẹ fìyà tó tọ́ sí i jẹ mí, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí i pé mo ṣèèṣì, torí pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Obìnrin tó jókòó lọ́tùn-ún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìwúkọ́ bò ó.

Mo wá kọjú sí Olóòǹtẹ̀. Mo ní, "Sà, ẹ bi mí pé níbo lọmọ mi wà, mi ò sì dá yín lóhùn. Ó wà níbi tí kò ti fẹ́ rí mi. Ọdún méje. Èmi ni mo lé e, bírò ni mo fi lé e. Ẹ wò mí dáadáa, sà. Ẹ má wò ó pé nọ́ọ̀sì ni mí. Bí ẹ ṣe máa rí nìyí."

Olóòǹtẹ̀ ń wo bírò náà. Ó fi ìdérí rẹ̀ dé e padà, ó ní kí n máa lọ.

Mi ò fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Dákẹ́ ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Bàbá rẹ̀ ò bá wọn sọ̀rọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n kò fa ìwé náà ya. Ó rí i lórí tábìlì, ó kà á, ó gbé e padà síbi tó wà.

Àkọ́bí mi fèsì. "Mo ti gbọ́, Màámi." Kò ju bẹ́ẹ̀. Fóònù èmi ló fi í ránṣẹ́ sí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ìwé ìdájọ́ dé. Wọ́n gbé mi kúrò. Ilé ìtọ́jú kékeré kan níbi tí ọkọ̀ èrò ti ń parí ìrìn rẹ̀: nọ́ọ̀sì méjì, kò sí wọ́ọ̀dù, kò sí iṣẹ́ abẹ, a óò máa wọn ọmọ ọwọ́, a óò máa fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ó dùn mí. Kí n má parọ́. Mo lọ sínú yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, mo sunkún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo fọ ojú, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo retí kí Bàálé sọ pé "mo sọ fún ẹ." Mo ti há ìdáhùn sẹ́nu. Ó kàn gba aṣọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi, ó lọ̀ ọ́, ó ní kọ́là rẹ̀ kì í dúró dáadáa bí èmi bá lọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Ọ̀rẹ́ mi láti láàbù ní kí n má ṣàníyàn nípa bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀. Òun àti awakọ̀ áńbúláǹsì ti pín ọjọ́rú láàárín ara wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin

Ọjọ́ kejì mi níbi tuntun. Ọmọ ọwọ́ mọ́kànlélógún láàárọ̀ yìí, gbogbo wọn ké.

Ilé ìwé gírámà kan wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú náà. Ògiri kan ló là wá. Bí aago ìsinmi wọn ṣe lù, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé wọn. Obìnrin rọ̀gbọ̀dọ̀ kan, awò ojú wà ní iwájú orí rẹ̀, ó ń mu tíì. Mo sọ ohun tí mo bá wá: láàbù, ilé oògùn, fáìlì, áńbúláǹsì, ṣọ́ọ̀bù ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló rán yín wá?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi, mà."

"Ìwé àṣẹ yín dà?"

Mo ní kò sí.

Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ṣí, ó mú ìwé kan jáde. Kó tó gbé e sórí tábìlì ni mo ti dá òǹtẹ̀ méjì yẹn mọ̀. Ó ní àná ló dé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí mo bá yọjú, kó má gbà mí láyè, pé onírúgúdù ni mí.

Mo dìde. Kò sọ pé kí n dìde o, ẹsẹ̀ mi ló dìde fúnra rẹ̀.

Ó dojú ìwé náà bolẹ̀, ó gbé ife tíì rẹ̀ lé e lórí.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kà á tán. Ọjọ́ wo lẹ máa ráyè?"

Mo ní, "Ọ̀la."